Boracay: Erékùṣù Tí Wọ́n Tì Pa Nítorí Omi Ìgbẹ́

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin ọdún 2018, ìjọba orílẹ̀-èdè Philippines ti erékùṣù Boracay pa mọ́ àlejò. Ogun kò jà níbẹ̀, àrùn kò bẹ́ sílẹ̀, ìjì kò sì wó ilé. Omi ìgbẹ́ ló fà á. Erékùṣù tí àwọn ìwé ìròyìn ìrìn-àjò ti ń pọ́n lé lọ́dọọdún pé etíkun rẹ̀ wà lára èyí tó rẹwà jù láyé, òun náà ni Ààrẹ Rodrigo Duterte dojú kọ ní oṣù Kejì ọdún yẹn, tó ní kòtò ìgbẹ́ lásán ni, pé ẹni tó bá wọ inú omi rẹ̀, òórùn ni yóò kọ́kọ́ kí i káàbọ̀. Ó fún àwọn mínísítà rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà láti tún un ṣe.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́ ìtàn náà dé nìyẹn. Èyí tí wọn kì í sọ ni pé ohun tó ba òkun náà jẹ́ kò hàn sójú ẹnikẹ́ni, abẹ́ iyanrìn ló wà. Wọn kì í sì í sọ pé ohun tó ń dáàbò bò ó láti ìgbà náà kò ju kí ẹnì kan jókòó sí èbúté, kó máa ka orí àwọn tó ń wọlé.

Boracay kò tóbi. Héktà 1,032 ni gbogbo ilẹ̀ rẹ̀, ó gùn tó kìlómítà 7, ìbàdí rẹ̀ sì tín-ín-rín débi pé èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn láti etíkun ìwọ̀ oòrùn bọ́ sí ti ìlà oòrùn kí àárẹ̀ tó mú un. Ìlú Malay ní ìpínlẹ̀ Aklan ló ń ṣàkóso rẹ̀. Àdúgbò mẹ́ta ló pín sí: Yapak lókè, Balabag láàárín, Manoc-Manoc nísàlẹ̀. White Beach tí gbogbo ayé ń torí rẹ̀ wá wà lápá ìwọ̀ oòrùn, ó gùn tó kìlómítà 4, iyanrìn rẹ̀ funfun báláú, ó sì kúnná. Bulabog ló wà lódì kejì, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ gidi láti nǹkan bí oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹrin, tí àwọn tó ń fi ìgbòkun sáré lórí omi ti ń ṣeré. Ẹ fi orúkọ Bulabog sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti fẹ́ tí a rí fùrọ̀ adìyẹ.

Àwọn ẹ̀yà Ati ló kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó. Apẹja àti olóko àgbọn ló wá bá wọn. Láti nǹkan bí ọdún 1970 síwájú ni àwọn òyìnbó tó ń gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn rìn káyé bẹ̀rẹ̀ sí í dé, tí wọ́n ń sùn nínú ahéré onímọ̀. Lẹ́yìn ahéré ni hòtẹ́ẹ̀lì, lẹ́yìn hòtẹ́ẹ̀lì ni ilé alájà púpọ̀, títí tí ilé fi kún ìbàdí erékùṣù náà bámúbámú.

Ta ló wá ni ilẹ̀? Ó pẹ́ kí ìbéèrè yìí tó rí ìdáhùn. Ọdún 2006 ni ìjọba tó pín erékùṣù náà: héktà 400 di igbó ọba, nǹkan bí 629 di ilẹ̀ tí èèyàn lè gba ìwé lé lórí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2008, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ là á mọ́lẹ̀ pé kí ọdún 2006 tó dé, ìjọba ló ni gbogbo ibẹ̀ pátá. Ìyẹn ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ti kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì kí ìgbà náà tó tó, orí ilẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn ni wọ́n kọ́lé sí, síbẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ń fún wọn ní ìwé àṣẹ ìṣòwò, ó sì ń gba owó lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí kò dá lójú pé ilẹ̀ tó dúró lé jẹ́ tirẹ̀, èwo ni kó na owó gọbọi sórí ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀? Mo rò pé ibí yìí ni wàhálà páìpù ti bẹ̀rẹ̀, ṣáájú àlejò.

Ìkìlọ̀ kò ṣàì wá. Lọ́dún 1997, ìjọba yẹ omi etíkun náà wò, wọ́n bá kòkòrò inú ìgbẹ́ nínú rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Àlejò dínkù fún sáà kan. Nígbà tí ariwo lọ sílẹ̀, wọ́n padà, wọ́n sì tún pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Láti ọdún 2012 sí 2017, iye àlejò fi ohun tó ju ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lé sí i. Lọ́dún 2017 nìkan wọ́n lé ní mílíọ̀nù 2, owó tí wọ́n ná síbẹ̀ sì tó bílíọ̀nù 56 pẹ́sò. Bí owó bá ń wọlé báyẹn, ta ni yóò lanu sọ pé omi ń rùn?

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀nà tí omi ìgbẹ́ gbà dé inú òkun. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà níwájú ẹni tó ní hòtẹ́ẹ̀lì ní Boracay. Ó lè sanwó kí wọ́n so páìpù ilé rẹ̀ mọ́ páìpù ńlá tó ń gbé omi ìdọ̀tí lọ síbi tí wọ́n ti ń sẹ̀ ẹ́. Ó lè gbẹ́ sókàwéè, kó máa pe ọkọ̀ wá fa á nígbàkúùgbà tó bá kún. Ọ̀nà kẹta kò ná an ní nǹkan kan: gọ́tà tí ìjọba ṣe fún omi òjò kò jìnnà sí ilé rẹ̀. Kó gbẹ́ ilẹ̀, kó ki páìpù bọ inú gọ́tà, kó da iyanrìn bò ó, ó parí. Gọ́tà omi òjò kì í gba ibi tí wọ́n ti ń sẹ omi kọjá, inú òkun ló ń já sí tààrà. Sókàwéè pàápàá kò fi bẹ́ẹ̀ sàn níbẹ̀, torí iyanrìn kì í dá omi dúró.

Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rìn lójú títì kò ní rí nǹkan kan nínú gbogbo èyí. Àlejò tó nà gbalaja sórí iyanrìn kò ní rí i. Ohun tí wọ́n máa ń rí ni ewéko wẹ́wẹ́ aláwọ̀ tútù tí í bo etí omi White Beach láàárín oṣù Kejì sí oṣù Karùn-ún, nígbà tí òkun bá dákẹ́ tí oòrùn sì mú. Àwọn oníṣòwò kan níbẹ̀ ní bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn, pé láti ayé àwọn bàbá àwọn ló ti ń hù, kódà pé òun ló ń mú kí iyanrìn funfun. Ó lè jẹ́ pé ó ti ń hù tẹ́lẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ewéko tó ń rí àjílẹ̀ jẹ lójoojúmọ́ kò lè rí bí èyí tí kò rí jẹ, àjílẹ̀ sì ni omi ìgbẹ́.

Èyí tó burú jù kò sí lójú omi rárá. Iyanrìn funfun ibẹ̀ kì í ṣe òkúta tó lọ̀ kúnná. Iyùn inú òkun àti ìkarahun tó fọ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, tí ìgbì ń gbé wá sí etíkun díẹ̀díẹ̀. Iyùn yìí kan náà àti koríko tó ń hù nísàlẹ̀ òkun ló ń gba agbára ìgbì kó tó dé ilẹ̀. Nígbà tí omi ìdọ̀tí mú kí òkun ṣú, tí ewéko sì bo iyùn, iyùn bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ìdákọ̀ró ọkọ̀ àti ẹsẹ̀ àwọn olùwẹ̀ sì ń fọ́ èyí tó kù. Ìkéde Nọ́ńbà 475 tí Ààrẹ fọwọ́ sí lọ́jọ́ tí wọ́n ti erékùṣù náà sọ pé iyùn tó bo ìsàlẹ̀ òkun ibẹ̀ fi ìdá 70.5 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù láàárín ọdún 1988 sí 2011, pé láàárín 2008 sí 2011, nígbà tí àlejò ń ya wọlé, ló sì lọ sílẹ̀ jù. Ó tún sọ pé òkun ti jẹ etíkun ìwọ̀ oòrùn wọlé tó mítà 40 níbi tó burú jù. Hòtẹ́ẹ̀lì tó ki páìpù bọ gọ́tà ń pa ohun tó ń ṣe iyanrìn tó fi ń pe àlejò.

Àwọn iye mìíràn wà nínú ìkéde náà tó yẹ kéèyàn rọra kà lẹ́ẹ̀mejì. Ìdọ̀tí tí erékùṣù náà ń pèsè lójúmọ́ jẹ́ tọ́ọ̀nù 90 sí 115, tọ́ọ̀nù 30 péré ni ìjọba ìbílẹ̀ lágbára láti kó kúrò. Ìyókù ń sùn síbẹ̀. Nínú ilé ìṣòwò 51 tó wà nítòsí etíkun, 14 ló ń pa òfin omi mímọ́ ọdún 2004 mọ́. Àbàtà 9 ló wà tẹ́lẹ̀ tó ń gba omi òjò dúró, ó ti ku 4, wọ́n ti kọ́lé lé ìyókù lórí. Ilé 937 ni kò bófin mu nínú igbó ọba àti àbàtà. Wọ́n sì yẹ omi etíkun Bulabog wò láti ọjọ́ 6 sí ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 2018. Ìwọ̀n kòkòrò inú ìgbẹ́ tí òfin fàyè gbà kò gbọdọ̀ ju 100 lọ nínú mílílítà 100 omi. Ìpíndọ́gba ohun tí wọ́n rí jẹ́ 18,000.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ọlọ́pàá tó lé ní 600 ni ìjọba kó lọ síbẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ kọ́kọ́ ṣe ìdánrawò bí wọ́n ṣe máa paná rògbòdìyàn lórí iyanrìn, àfi bí ẹni pé àwọn tó ń ta ẹja yíyan ń múra láti gba ìjọba. Àlejò kò gbọdọ̀ kọjá èbúté Caticlan. Onílé gbọ́dọ̀ fi káàdì hàn kó tó wọ ìlú tó ti ń gbé. Ibì kan ṣoṣo, Angol, ni wọ́n ti gba ọmọ onílùú láàyè láti lúwẹ̀ẹ́, láti aago mẹ́fà àárọ̀ sí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́.

Ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì ńlá lo oṣù mẹ́fà náà láti tún ilé ṣe, wọ́n ní owó ní báǹkì. Ẹni tó ń wọ́ra fún àlejò lábẹ́ àgbọn, ẹni tó ń dirun, ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ohun tó bá rí lónìí ló ń jẹ lónìí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn di ẹrù, wọ́n sì padà sí ìlú tí wọ́n ti wá. Ìjọba gba àwọn tó kù síṣẹ́ ìmọ́tótó fún sáà díẹ̀, wọ́n ń gbálẹ̀, wọ́n ń kó ewéko, wọ́n sì ń gbowó ojúmọ́.

Ọkùnrin kan wà lára wọn tó ń fi iyanrìn mọ ilé kí àlejò lè ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀. Òun àti awakọ̀ kan gbé Ààrẹ lọ sí Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ, wọ́n ní kò sí òfin tó fún un láṣẹ láti dí ọ̀nà mọ́ ará ìlú. Oṣù Kejì ọdún 2019 ni ìdájọ́ tó dé, wọ́n ti ṣí erékùṣù náà padà nígbà yẹn. Ilé-ẹjọ́ kò dá wọn láre. Ó ní ìtìpa náà ní gbèdéke, pé àǹfààní ará ìlú ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é, àti pé owó tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ àlejò kò tíì di ẹ̀tọ́ wọn lábẹ́ òfin. Ọ̀rọ̀ òfin ni, n kò bá wọn jiyàn. Àmọ́ bílíọ̀nù 56 pẹ́sò tí àwọn hòtẹ́ẹ̀lì àti ìjọba ń kà bí ẹni pé ó ti wà lápò, ṣé kì í ṣe owó tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ àlejò náà ni?

Lójú tèmi, ìjọba jàre lórí omi, ó jẹ̀bi lórí ọ̀nà tó gbà. Hòtẹ́ẹ̀lì tó ti so páìpù rẹ̀ bó ṣe yẹ àti èyí tó ń da ìgbẹ́ sí gọ́tà, ìyà kan náà ni wọ́n jọ jẹ. Ọ́fíìsì tó ń gbọ́ ẹ̀sùn lórí òṣìṣẹ́ ìjọba pàṣẹ nígbà tó yá pé kí wọ́n yọ olórí ìlú Malay nípò, èyí sì dára, àmọ́ àwọn tó fọwọ́ sí ìwé àṣẹ láti bí ogún ọdún sẹ́yìn kò ṣeé kà tán. Ohun tó tún kọ mí lóminú ni pé ní oṣù Kẹta ọdún 2018, nígbà tí wọ́n ń ti omi bọ ìgò láti yẹ̀ ẹ́ wò, àjọ ìjọba tó ń rí sí tẹ́tẹ́ fún ilé-iṣẹ́ kan láti Macau ní ìwé àṣẹ onígbà díẹ̀ láti kọ́ ilé tẹ́tẹ́ àti hòtẹ́ẹ̀lì tó tó 500 mílíọ̀nù dọ́là sórí erékùṣù kan náà. Ìgbà tí ariwo ta ni Ààrẹ tó ní òun kò fẹ́ ilé tẹ́tẹ́ kankan níbẹ̀.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ Roy Cimatu, mínísítà tó ń rí sí àyíká. Bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ilẹ̀ ní Bulabog, páìpù ń yọ jáde lábẹ́ iyanrìn, ẹnu wọn dojú kọ òkun. Iṣẹ́ tó kù wá di pé kí wọ́n tọ páìpù kọ̀ọ̀kan padà dé ilé tó ti wá. Wọ́n wó ilé tó wọ inú ààyè mítà 30 tó yẹ kó ṣófo láti etí omi, wọ́n fẹ títì, wọ́n lé àwọn tó kọ́lé sí àbàtà. Hòtẹ́ẹ̀lì tó bá ní yàrá 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ ní ibi tí yóò ti máa sẹ omi ìdọ̀tí ara rẹ̀.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ìṣírò. Àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ àyíká àti ti University of the Philippines Los Baños jókòó, wọ́n ṣírò iye èèyàn tí erékùṣù náà lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà láìjẹ́ pé omi àti ilẹ̀ rẹ̀ bàjẹ́: 54,945, onílé àti àlejò lápapọ̀. Àlejò nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 19,215 lọ. Àwọn tó ń wọlé lójúmọ́ kò gbọdọ̀ ju 6,405. Ẹ ó rí i pé ìlọ́po mẹ́ta 6,405 ni 19,215. Wọ́n kà á sí pé àlejò kan ń lo nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta. Kó tó di ìgbà yẹn, kò sí gbèdéke tí ẹnikẹ́ni ń tẹ̀ lé lórí iye àlejò.

Ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 2018 ni wọ́n ṣí i. Nǹkan bí 160 hòtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n kọ́kọ́ fún láṣẹ, ìyókù dúró títí tí wọ́n fi ṣe ohun tí òfin ní kí wọ́n ṣe. Kòkòrò inú omi White Beach kò tó 100 mọ́. (Thailand náà ti etíkun Maya Bay pa lọ́dún yẹn, ní oṣù Kẹfà, ọdún 2022 ni wọ́n tó ṣí i. Ẹ fi èyí wé oṣù mẹ́fà.)

Ẹni tó bá ń gbèrò àtilọ yóò bá ìyípadà náà pàdé kó tó rí òkun. Láti pápákọ̀ òfuurufú Caticlan tàbí ti Kalibo, èbúté Caticlan ni yóò forí lé. Níbẹ̀ ni wọ́n ti máa ní kó fi ìwé hòtẹ́ẹ̀lì tó ti sanwó sí hàn, hòtẹ́ẹ̀lì náà sì gbọ́dọ̀ wà lára àwọn tí ìjọba fọwọ́ sí. Ẹni tí kò bá ní in kò ní gun ọkọ̀. Yóò san owó èbúté àti owó àyíká, kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lódì kejì, kẹ̀kẹ́ oníná mànàmáná ló pọ̀ jù, kì í ṣe ti epo mọ́. Lórí iyanrìn, kò sí sìgá, kò sí ọtí, kò sí àga àti agboòrùn tí wọ́n tò kún ojú ọ̀nà, kò sí pé wọ́n ń fi kẹrosíìnì jó iná lálẹ́. Àríyá ńlá tí wọ́n máa ń ṣe níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún ti di ìtàn. Ìmọ̀ràn mi fún onítọ̀hún ni pé kó bi hòtẹ́ẹ̀lì rẹ̀ léèrè ibi tí omi ìdọ̀tí wọn ń gbà, kó tó sanwó. Ẹni tó ṣe é dáadáa máa ń yá lára láti ṣàlàyé.

Òfin kò sì ní kí èèyàn má ṣìwà hù. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, fídíò kan jáde níbi tí obìnrin kan ti ń ri ìlédìí ọmọ mọ́ inú iyanrìn White Beach. Ìjọba fi okùn dí apá ibẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n lè tọ́jú rẹ̀. Ó ya mi lẹ́nu pé ìlédìí kan ṣoṣo da orílẹ̀-èdè rú tó bẹ́ẹ̀, nígbà tí páìpù fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ láìsí fídíò kankan. Ní ọ̀sẹ̀ Àjíǹde ọdún 2022, lẹ́yìn tí kòrónà rọlẹ̀, àwọn àlejò lé ní 21,000 lọ́jọ́ méjì tó tẹ̀ lé ara wọn, wọ́n sì ti kọjá 19,215 nìyẹn. Ní ti àwọn Ati, Ààrẹ fún wọn ní ìwé ilẹ̀ bíi héktà 3 ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018, gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Nígbà tó yá, àwọn mìíràn tó ní àwọn ló ni ilẹ̀ náà tako ó, wọ́n sì fagi lé lára àwọn ìwé náà.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ báyìí ni ti afárá. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan gbé àbá wá pé òun fẹ́ kọ́ afárá láti Caticlan sí Boracay, pé yóò mú kó rọrùn láti kó ìdọ̀tí kúrò àti láti gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù. Ìgbìmọ̀ ìlú Malay àti ti ìpínlẹ̀ Aklan ní àwọn kò fara mọ́ ọn, àwọn tó ń wa ọkọ̀ ojú omi sì ń bẹ̀rù fún iṣẹ́ wọn. Ẹ̀rù tèmi wà lórí tábìlì tí wọ́n ti ń yẹ ìwé wò ní èbúté. Ọkọ̀ ojú omi ní iye ìjókòó, ó sì ní iye ìgbà tó lè lọ kó bọ̀ lójúmọ́. Afárá kò ní ọ̀kankan nínú méjèèjì.